ÀLEJÒ TÍ KÒ KÁGÒ

 

Ìbéèrè kan ni a gbé wá. Bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà, tó jẹ́ pé ọmọdé nìkan ló bá nílé, tí ọmọ náà sì ní kó wọlé, ǹjẹ́ a lè sọ pé onílé ti fún un láṣẹ? Gbogbo wa ni yóò dáhùn pé rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lórí fóònù.

Géèmù yóò bi ọmọ ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ohun tí kò béèrè, yóò fúnra rẹ̀ mú un: irú fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, agbègbè tó wà, àsìkò tó fi ń ṣeré, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ohun tó rà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni eré náà nílò. Ìyókù wà fún ìpolówó ọjà, àti láti mọ ọ̀nà tí ọmọ náà yóò fi tún náwó.

Èyí kì í ṣe àhesọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Federal Trade Commission kéde pé Epic Games, tó ni géèmù Fortnite, yóò san 520 mílíọ̀nù dọ́là. 275 mílíọ̀nù jẹ́ owó ìtanràn lórí ẹ̀sùn pé ó ń kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 jọ láìgba àṣẹ òbí wọn, èyí tí òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1998 kọ̀. 245 mílíọ̀nù jẹ́ owó àdápadà fún àwọn oníbàárà tí wọ́n fi ọgbọ́n àrékérekè mú rajà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Microsoft náà gbà láti san 20 mílíọ̀nù dọ́là lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ nípa Xbox.

Àwọn kan ní: “Ọ̀fẹ́ ni eré náà, ẹni tó ṣe é náà gbọ́dọ̀ jẹun.” Àwa tí a ń tajà mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àwa náà ní ìwé tí a ń kọ orúkọ ẹni tó rajà láwìn sí. Ṣùgbọ́n oníbàárà ń wò wá bí a ti ń kọ ọ́, ó mọ ìdí rẹ̀, ọjọ́ tó bá sì san gbèsè tán ni a ń fa igi lé e. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá gba ọjà àwìn, oníṣòwò tó bẹ̀rù Ọlọ́hun yóò ní: “Lọ pe bàbá rẹ wá.” Èrè tí a kò lè jẹ lójú òbí, kò yẹ kí a jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ọmọ ló purọ́ ọjọ́ orí. Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, a sì gbọ́dọ̀ bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ohun ìṣeré ọmọdé ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìsọ̀ rẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ọmọdé ló ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ́ ilé-kéú. Súrátù Núúrù kọ́ wa pé kí á tọrọ àyè kí á tó wọ ilé onílé. Ó tún ní kí àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà máa tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Súrátù Hújúrátì sì kọ̀ fún wa láti máa tọpinpin àṣírí ara wa. Bí ọmọdé bá ní láti kágò kó tó wọ yàrá àgbàlagbà, báwo ni àgbàlagbà yóò ṣe wọ inú ayé ọmọdé láìkágò?

Òfin ilẹ̀ wa náà ti sọ̀rọ̀. Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023 kò ka ìyọ̀ǹda ọmọdé nìkan sí. Ó ní kí wọ́n gba ti òbí tàbí alágbàtọ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó ti ọmọ ní pálọ̀. Àwa ni Ọlọ́hun fi àmánà wọn sí lọ́wọ́. Òbí tó fi fóònù pa ọmọ lẹ́nu mọ́ kó lè ráyè tajà ti ní kí àlejò wọlé láìmọ ẹni tó jẹ́.

Nítorí náà, ẹ jókòó ti ọmọ nígbà tó bá ń ṣí àkáǹtì, kí ọjọ́ ìbí tó kọ jẹ́ òótọ́. Ẹ má jẹ́ kí géèmù máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ó má sọ orúkọ ilé-ìwé tàbí àdúgbò rẹ̀ fún ẹni tí kò rí lójú. Àwa tí a jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú mọ bí ó ti rí kí ẹni tí a kò mọ̀ mọ ibi tí à ń sùn.

Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́ láti ṣọ́ àmánà wa. Àmín.