Ìsinmi Òṣìṣẹ́: Ojúrere Ni Tàbí Ẹ̀tọ́?

Ibi Kíkà: Eksodu 5:1–18, Deuteronomi 5:12–15, Marku 6:30–32

Ìlépa Ẹ̀kọ́: Láti mọ̀ pé àkókò ìsinmi láàrin iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́, àti láti yẹ ara wa wò nípa àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wa.

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ẹ̀yin ará, àwa Yorùbá kò fẹ́ràn ọ̀lẹ. A máa ń wí pé iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní ń pani. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tí wọ́n pa òwe yìí a máa sinmi. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, wọn a fi ọkọ́ lélẹ̀, wọn a bọ́ sí abẹ́ igi, wọn a sun iṣu jẹ kí wọ́n tó tún padà sídìí ebè. Ẹni tí ó bá sì bẹ ọ̀wẹ̀ mọ̀ pé òun ni yóò bọ́ àwọn tí ó wá bá òun ṣiṣẹ́.

Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti kúrò lóko. Ẹlòmíràn ni ó ń ka wákàtí iṣẹ́ fún wa, tàbí kí ó jẹ́ àwa ni a ń kà á fún ẹlòmíràn. Nítorí náà ni ìbéèrè yìí fi kàn wá: ìsinmi tí òṣìṣẹ́ ń gbà láàrin iṣẹ́, ṣé ọ̀gá ni ó ń ta á lọ́rẹ, tàbí ohun tí ó tọ́ sí i ni?

Ohun tí Òfin Ìlú Wí

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 1974, dáhùn gbangba. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní àkókò ìsinmi láàrin iṣẹ́ náà. A lè fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì lè pín in, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 1. Láàrin ọjọ́ 7, ó gbọ́dọ̀ ní odidi ọjọ́ 1 fún ìsinmi. Obìnrin tí ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú àkókò iṣẹ́, láti fi tọ́jú ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òfin yìí kò dé. Kò ka ẹni tí a gbà fún ohun tí kì í ṣe òwò agbanisíṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń fọṣọ tí ó sì ń se oúnjẹ nínú ilé wa kò rí ààbò nínú rẹ̀.

Ohun tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run Wí

Níbi tí òfin ìlú dúró sí, àṣẹ Ọlọ́run kọjá ibẹ̀, ó wọ inú ilé lọ. Ẹ wo àwọn tí Deuteronomi kà fún ìsinmi: ìránṣẹ́kùnrin, ìránṣẹ́bìnrin, àlejò, àní màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá. Ìdí rẹ̀ ni pé kí ìránṣẹ́ lè sinmi gẹ́gẹ́ bí olúwa rẹ̀. Ọlọ́run rán Ísírẹ́lì létí pé ẹrú ni àwọn náà rí ní Íjíbítì. A kò fi í sí ọwọ́ ọ̀gá pé bí inú rẹ̀ bá dùn.

Nígbà tí Mósè tọrọ àyè fún àwọn ènìyàn náà, ọ̀lẹ ni Fáráò pè wọ́n. Ó dáwọ́ koríko dúró, kò sì dín iye bíríkì kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésù rí i pé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò ráyè jẹun nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó pè wọ́n sẹ́yìn kí wọ́n sinmi. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe. Rere tí iṣẹ́ kan jẹ́ kò sọ ìsinmi di ẹ̀ṣẹ̀.

Àwáwí Wa

“Èmi fúnra mi kì í sinmi.” Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ara rẹ ni o fi rúbọ, o sì lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ọmọ tí ń bá ọ tajà kì í ṣe tìrẹ láti fi rúbọ.

“Kò ráhùn sí mi rí.” Ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun kì í ráhùn. Ìdákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

“Mo jẹ́ kí ó jẹun.” Bí ó bá ń fi ọwọ́ kan jẹ ẹ̀bà, tí ó ń fi ojú ṣọ́ ọjà, tí a sì pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jẹ òkèlè márùn-ún, ó jẹun ni, kò sinmi.

Òṣìṣẹ́ náà ní tirẹ̀ láti gbọ́. Ẹ̀tọ́ ní ààlà. Wákàtí kan kì í ṣe méjì. Olùkọ́ tí agogo ti lù fún, tí ó ṣì jókòó sídìí ẹlẹ́wà, àkókò àwọn ọmọ ni ó ń jẹ. Ẹni tí ó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn dù ú.

Ohun tí a ta ni lọ́rẹ, a ń dúpẹ́ fún un, ẹni tí ó fún ni sì lè gbà á padà. Gbèsè kò rí bẹ́ẹ̀. Gbèsè ni ìsinmi jẹ́ lọ́rùn agbanisíṣẹ́, kò sì yẹ kí a dúró kí ẹni tí a jẹ ní gbèsè wá kúnlẹ̀ kí a tó san án.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìdáhùn Fáráò àti ti Jésù sí àárẹ̀ àwọn ènìyàn?
2. Nọ́ọ̀sì kan kò lè fi aláìsàn sílẹ̀ lọ jẹun nítorí pé ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì dé. Ta ni ó jẹ ẹ́ ní ìsinmi náà, báwo ni a sì ṣe lè san án padà?
3. Ta ni ó kọ́kọ́ ń jí nínú ilé rẹ, ta ni ó sì ń sùn kẹ́yìn? Ìgbà wo ni onítọ̀hún ń jókòó? Ṣe ohun kan nípa rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.