Orúkọ Àìsàn Kì í Ṣe Ìdí Àìsàn

Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ ń ké kọ́ ni ohun tó ń ṣe é. Ara ọmọdé náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọmọ tí èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè, tí oúnjẹ ń há a lọ́fun. A ní ikọ́ fée ni. A fún un lóògùn, kò lọ. Ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde látinú ọkàn ló ṣe òrùka yí ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ ká. Nínú oyún, gbogbo wa ló ní ti ọ̀tún àti ti òsì. Tó bá yá, apá kan á pòórá. Tiẹ̀ ni ò pòórá. Oògùn wo ló fẹ́ tú òrùka?

Ọ̀nà àbáyọ wà. Lọ́dún 1945, ní Boston, Robert Gross gé irú òrùka bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kan. Lónìí, àwòrán CT a máa fi í hàn. Oníṣẹ́ abẹ á gé apá tó kéré, ẹ̀jẹ̀ á máa gba èyí tó tóbi.

Níbo wá ni ẹ̀bi wà? Kò sí nínú pípè é ní ikọ́ fée lákọ̀ọ́kọ́, torí ìyẹn ló wọ́pọ̀. Ìgbà tí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ lóru bá ní, "Dókítà, oògùn yìí ò ṣiṣẹ́ o," tí a wá fi kún oògùn náà, ibẹ̀ lẹ̀bi wà. Gbèsè tí a jẹ ọmọ tí ò tíì lè sọ̀rọ̀ ni pé ká tún bèèrè.