Ta ni yóò jókòó sábẹ́ ìbòòji náà?

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. A ti fi òwe yìí bá ọ̀lẹ wí nínú kíláàsì wa, a sì ti fi í kìlọ̀ fún oníwà burúkú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gba ẹ̀gbẹ́ èbúté Kùtọnù kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, kí wọ́n lè rí ọgbà àtijọ́ tí à ń pè ní Jardin des Plantes et de la Nature. Bí a ti jókòó sábẹ́ ìrókò ńlá kan níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bi wá pé: «Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó tọ́jú igi yìí títí ó fi dàgbà? Ǹjẹ́ ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ rí?» A kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín.

Kí ilẹ̀ náà tó di ọgbà, igbó mímọ́ ni. Ní 1895, nígbà tí Ọba Toffa wà lórí ìtẹ́ ní Àjàṣẹ́, ìjọba Faransé sọ ọ́ di ọgbà ìdánwò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó bóyá irúgbìn tí wọ́n kó ti òkèèrè wá yóò gba ilẹ̀ wa, kí a lè máa gbìn ín fún títà. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: èrè ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìbòòji. Ìbòòji tí à ń gbádùn lónìí, ọwọ́ àwọn tí ó ti pẹ́ ṣáájú wọn ni ó ti wá, àwọn tí ó fi èèwọ̀ lé àáké sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí èbúté. Ní 1891 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí afárá irin tí ó wọ inú òkun ní Kùtọnù, níbi tí a ti ń já ẹrù ọkọ̀. Ní 1965 ni a ṣí èbúté tí a mọ̀ lónìí. Kò sí ẹni tí ó lè kẹ́gàn rẹ̀: ó ń bọ́ ilé púpọ̀, ẹrù àwọn ará Niger pàápàá ti gba ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n iyanrìn etíkun wa kì í dúró lójú kan. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri òkúta tí ó dáàbò bo èbúté náà ni ó dá iyanrìn dúró. Ní ìhà ìlà-oòrùn, òkun ń bu ilẹ̀ jẹ, kò sì sí iyanrìn tuntun tí yóò dí ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ti bá omi lọ kí ìjọba tó to òkúta sínú òkun láti dá a lẹ́kun. Àwọn tí ilé wọn lọ, kí ni wọ́n gbìn?

Nínú ọgbà, à ń ká ire tí a kò gbìn. Létí òkun, àwọn kan ń ká ìṣòro tí wọn kò gbìn. Irọ́ ni òwe náà pa bí? Rárá o. Àwa ni a kò fetí sí i dáadáa. Òwe náà kò sọ pé ohun tí ẹnì kan bá gbìn ni òun nìkan yóò ká. «A» ni ó wí, «a» yìí sì gba òkú, ó gba alààyè, ó gba ọmọ tí a kò tíì bí.

Ẹnì kan lè sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, pé ìbòòji kì í ṣe oúnjẹ. Òótọ́ ni, a kò sì ní kí a fi èbúté ṣe ọgbà. Ohun tí à ń wí ni pé, nígbà tí a bá ń ṣírò èrè, kí a yọ ìpín ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí èèwọ̀ igbó ń ṣe nìyẹn. Ní Òṣogbo, igbó Òṣun tí ó tó hẹ́kítà 75 ṣì dúró láàárín ìlú tí ń gbòòrò, UNESCO sì fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dá a sí kò mọ UNESCO. Wọ́n kàn mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ bá tó ni a ń gé.

Èsì tí a padà fún ọmọ náà nìyí: ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó tọ́jú igi náà má jókòó sábẹ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti rí ọ níbẹ̀ kí a tó bí ọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi wá pé: «Ta ni àwa náà ń rí?» Òun ni ó kù fún gbogbo wa láti dáhùn.