Bí ògiri kò bá lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹbí ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró ti mẹkáníìkì àtàtà rí, ní ọjọ́ tí ó ń pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àtijọ́, yóò gbà pé òwe irin ni pẹ̀lú. Ẹ wo Morris Minor, ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1948, tí àwọn tíṣà àti àlùfáà wa sì gùn títí ó fi dà bí ọmọ ilé. Nínú ẹ́ńjìnnì 948 c.c. tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ ní 1956, iná, omi àti ọ́ìlì ni ó ń gbé pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ iná kì í wọ odò kí ó rójú ṣayé. Gáskẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí ó wà láàrin bulọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù síléńdà, bàbà lóde, asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, òun ni onílàjà tí kò jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fojú kanra.

Gbogbo wa ni a mọ bí iṣẹ́ yìí ti rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá àtijọ́. Wọn kì í tú ẹ́ńjìnnì tí kò tíì tutù, nítorí a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Wọn a fa omi dànù, wọn a dẹ gbogbo nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ̀kankan, kí irin má baà wọ́. Wọn a fi omi rin gáskẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó kí wọ́n tó ha á, nítorí eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Wọn a nu ojú irin méjèèjì títí yóò fi máa dán, wọn a sì fi rúlà irin dábùú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rúlà, ọ̀dọ̀ tọ́nà ni ó kàn, kí ó fá a tẹ́jú.

Ṣùgbọ́n kí ni ojú ń rí lónìí? Gọ́ọ̀mù! Gọ́ọ̀mù dúdú, gọ́ọ̀mù pupa, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún jáde láti inú ike bí ẹni pé òun ni ó bí ẹ́ńjìnnì. Mo dúró ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn, mo ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kun gáskẹ́ẹ̀tì tuntun lójú méjèèjì, nígbà tí èérí ti àtijọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ irin gbagidi. Mo ní, “Ọmọ mi, ta ni ó ní kí o kùn ún?” Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, ọkọ̀ yìí ló ti gbó. Gọ́ọ̀mù ni yóò bá wa dí i.” Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrànmọ́! Ọjọ́ orí ọkọ̀ ni ó jẹ̀bi, ọwọ́ tí kò ha èérí kò sí nínú ẹjọ́. Tíṣà àgbà tí ó ni ọkọ̀ náà sanwó, ó dúpẹ́, ó kọrí sí ọ̀nà Ìwó. Kí ó tó dé ibẹ̀, omi ti ń hó nínú radiétọ̀, èéfín funfun ti bo ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ́ìlì sì ti funfun, ó ti ki.

Gáskẹ́ẹ̀tì yìí kò béèrè gọ́ọ̀mù rárá. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí a fún un pọ̀ dọ́gbadọ́gba láàrin irin méjì tí ó mọ́, kí bàbà rẹ̀ lè wọ inú gbogbo kòtò wẹ́wẹ́ ojú irin. Gọ́ọ̀mù a nípọn níhìn-ín, a fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún. Èyí tí ó fún jáde a bọ́ sí ojú ọ̀nà omi, a gan síbẹ̀, a dí i. Èyí tí ó wà lẹ́bàá iná a jóná, a fi àlàfo sílẹ̀. Ògiri lanu nìyẹn, aláǹgbá kò sì ní dúró de ìwé ìpè.

Kì í sì í ṣe mẹkáníìkì nìkan. Bírìkìlà ń fi ọ̀dà bo ògiri tí ó sán. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò tíì mọ orúkọ sípánà ń bèèrè ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù, àwọn òbí rẹ̀ sì ti yan aṣọ ẹbí. Ọmọ ìyá méjì jà, wọn kò yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n ní kí a ṣáà ya fọ́tò. Ògún Lákáayé, ọ̀gá onírin, ǹjẹ́ ẹ̀yin ha rí wa báyìí? Ṣùgbọ́n n kò pinnu láti wàásù. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí irin.

Wọ́n kọ TOP àti FRONT sára gáskẹ́ẹ̀tì náà, kí òkè má baà di ìsàlẹ̀, kí iwájú má baà di ẹ̀yìn. Àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í de nọ́ọ̀tì, a ó máa bọ̀ wá sí etí, ní ìpele-ìpele, pẹ̀lú sípánà tí ó ní ojú ìwọ̀n, títí yóò fi pé 40 lb. ft. Agbára apá kọ́ ni òṣùwọ̀n, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ọ̀gá tí ó jókòó nígbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fi ipá de etí kan ṣáájú èkejì, òun ni kí a bá wí. Bí a bá dè é tán, a ó tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó tún un dè. Lẹ́yìn náà ni a ó tún àlàfo fáàfù wọ̀n sí 0.012 ínṣì, nítorí dídè náà a máa yí i padà. Mẹkáníìkì tí ó bá gba owó rẹ̀ tán, tí kò sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kí ó padà wá kí òun tún nọ́ọ̀tì dè, kò tíì parí iṣẹ́. Ààbọ̀ owó ni ó tọ́ sí i.