Ọjọ́ Ìdánwò Kọ́ Ni À Ń Kọ́ Ẹ̀kọ́

Kíkà: 2 Kọ́ríńtì 13:5; Mátíù 25:1-13

Pọ́ọ̀lù pàṣẹ fún ìjọ pé kí oníkálukú yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá ó ṣì wà nínú ìgbàgbọ́.

Ní ọdún 1981, Chinyere Kalu, tí ó kọ́ṣẹ́ ní Zaria, di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé àṣẹ láti máa fi wíwa bàálù ṣe iṣẹ́. Ní 2011, ó di olórí ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an.

Kí ènìyàn tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, olùdánwò yóò jókòó tì í nínú bàálù. Kò ní kọ́ ọ. Yóò kàn máa wò ó ni. Kí wọ́n tó gbéra, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rìn yí bàálù ká, yóò wo ìyẹ́ àti táyà, yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí epo inú táǹkì. Bí wọ́n bá dé òkè, olùdánwò lè dín agbára ẹ́ńjìnnì kù lójijì, bí ẹni pé ó ti kú. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú bàálù dúró dáadáa, kí ó sì yan ibi tí ó lè balẹ̀ sí. Ẹni tí ó ti ṣe é léraléra pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n.

Ní Ìkòyí, Ìkirè àti Àpòmù níbí, àwa náà mọ èyí. Ẹni tí ó ń ṣe dòdò Ìkirè kì í dúró de oníbàárà kí ó tó tọ́ iyọ̀ àti ata rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọkàn wa ńkọ́? Àìsàn ọmọ, ikú ọkọ, àdánù lọ́jà, wọn kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Àwọn wúńdíá márùn-ún nì ní fìtílà bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Epo ni wọn kò mú dání.

Nínú kíláàsì tí John Wesley bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ní 1742, olórí kíláàsì a máa béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ọkàn oníkálukú ti rí. Ẹ má jẹ́ kí a sọ kíláàsì di ibi tí a ti ń san owó nìkan.

Olùdánwò kì í ṣe ọ̀tá. Nítorí àwọn èrò tí yóò wọ bàálù lọ́la ni ó ṣe le. Ẹni tí kò bá yege, yóò padà sọ́dọ̀ olùkọ́, yóò sì tún wá. Àwa náà gbé èrò: ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ọmọ ọlọ́mọ tí ń wo ẹsẹ̀ wa. Olúwa wa kò sì lé ẹni tí ó padà wá kọ́ ẹ̀kọ́ dànù.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ epo wa wò lálẹ́ òní, nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Àdúrà: Olúwa, fi ibi tí ó kù sí hàn wá kí ìjì tó dé, kí o sì kọ́ ọwọ́ wa ní ohun tí yóò ṣe. Àmín.