Ta Ni Ká Dá Lẹ́bi?

Ọkùnrin kan rí i pé ọ̀kan nínú kórópọ̀n òun wú, ó le, kò sì dùn ún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ya àwòrán rẹ̀, ó ní ó jọ jẹjẹrẹ. Wọ́n gé e. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n gé e tán ni àwọn tó fi máíkírósíkóòpù yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ẹyin kòkòrò àtọ̀sí ajá ló kún inú rẹ̀. Irú èyí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti kọ ìròyìn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oògùn kan wà, praziquantel, tó ń pa kòkòrò náà. Ta ni ká wá dá lẹ́bi?

Ọ̀pọ̀ yóò ní dókítà ni. Èmi kò gbà. Wọn kì í sábà gún kórópọ̀n tí wọ́n fura sí láti bu díẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ lóòótọ́, ó lè tibẹ̀ tàn ká. Wọ́n máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́. Dókítà tó bá ní kí òun kọ́kọ́ mọ̀ dájú lè máa fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí odò. Ọ̀tìn, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn tí Òkukù àti Ìnísà wà nínú rẹ̀, ni wọ́n sé ní Èkó-Ẹndẹ, nítòsí Ìkìrun, kí omi ẹ̀rọ lè wà. Ohun rere ni. Àmọ́ omi tó dúró jẹ́ẹ́ ni ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò yìí fẹ́ràn. Ẹni tí àrùn náà ń ṣe á tọ̀ sómi, ẹyin inú ìtọ̀ rẹ̀ á pa, kòkòrò á wọ inú ìgbín. Nígbà tó bá tún jáde, awọ ara ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló ń gbà wọlé. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí ọmọ náà á fi máa tọ ẹ̀jẹ̀.

Ibí ni mo ti rí ẹ̀bi. Àtọ̀sí ni a ń pe àrùn tí ènìyàn ń kó níbi ìṣekúṣe. A fi “ajá” kún un, a wá gbé e lé ọmọ ọdún 10 tó kàn lọ pọnmi lórí. Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé àtọ̀sí ń ṣe òun? Láwọn ibòmíràn ní Áfíríkà, wọ́n gbà pé ọmọkùnrin tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ń di géńdé ni. Ìyẹn náà kò dára, ṣùgbọ́n kò dójú ti ọmọ. Láti ọdún 1851 tí Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, ti rí kòkòrò náà ní Cairo, a kò lè sọ pé a kò mọ ohun tó ń fà á.

Dókítà náà kò bọ́ pátápátá o. “Ẹ ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí? Odò wo lẹ ń wẹ̀ nígbà èwe?” Ìbéèrè yìí kò gba ìṣẹ́jú kan. Lóòótọ́, ẹyin inú ìtọ̀ kò fi hàn pé jẹjẹrẹ kò sí, ṣùgbọ́n ó lè mú kó tún un rò kó tó mú ọ̀bẹ. Àmọ́ ẹni tí a ti kọ́ láti kékeré pé kó pa á mọ́ra lè wo ojú dókítà, kó ní rárá, òun kò tọ ẹ̀jẹ̀ rí.