Ìṣègbèfábo Nínú Fíìmù Moolaadé

Àwọn kan gbà pé àjèjì ni ìṣègbèfábo, pé obìnrin tí ó bá tako àṣà ti kẹ̀yìn sí àwọn baba ńlá rẹ̀. Fíìmù Moolaadé, tí olóògbé Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, gbé jáde ní 2004, mú kí a tún èrò yìí gbé yẹ̀ wò.

Ọmọdébìnrin mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún sá wá sọ́dọ̀ Collé, ẹni tí kò gbà kí wọ́n dá abẹ́ fún ọmọ tirẹ̀ náà. Collé ta okùn dí ẹnu ọ̀nà agboolé. Moolaadé nìyẹn: ààbò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú. Àṣà ìbílẹ̀ ni ó fi dènà àṣà ìbílẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, obìnrin ni àwọn olóólà tí ń béèrè àwọn ọmọ náà. Ọkùnrin sì ni Mercenaire, ẹni tí ó dá ọkọ Collé dúró níbi tí ó ti ń na ìyàwó rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n sì pa á. A kò lè pe èyí ní ìjà akọ àti abo lásán.

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ààbò Collé. Wọ́n dá abẹ́ fún ọmọ náà, ó sì kú. Lẹ́yìn ikú yìí ni àwọn obìnrin fìmọ̀ ṣọ̀kan, tí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn olóólà, tí wọ́n sì jù wọ́n síná.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí a bá ń kọ́ni ní àṣà, kò tó kí a béèrè ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ń jìyà rẹ̀, nítorí ẹni tí ó kàn ni ó mọ̀.